Àtúnṣe Ọkọ̀ Àtijọ́ Kì í Ṣe Àtúndá

Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bá ti pẹ́ láyé, èrò tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí á kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí á pààrọ̀ awọ ìjókòó rẹ̀, kí á sì fọ irin rẹ̀ títí yóò fi máa kọ mànà bí ọjọ́ tí ó jáde láti ilé iṣẹ́. Èrò yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni ó yẹ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ tí a ti tọ́jú dáadáa láti ìgbà tí a ti ṣe é yàtọ̀ sí èyí tí ó ti wó palẹ̀ sínú igbó. Ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ ní ìpinnu pàtàkì kan láti ṣe: ṣé kí ó sọ ọ́ di tuntun ni, tàbí kí ó tún un ṣe níwọ̀nba, kí ó sì jẹ́ kí ó máa jẹ́ ara rẹ̀ lọ?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìdáhùn kan sí ìbéèrè yìí wá láti Pebble Beach, ní ìpínlẹ̀ California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1950 ni a ti ń pàtẹ ọkọ̀ níbẹ̀, tí àwọn onídàájọ́ sì ń fi ẹ̀bùn fún èyí tí ó bá dára jù lọ. Ó ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ tí a tú palẹ̀, tí a tún tò, tí a sì kùn títí tí ènìyàn fi lè rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń gba ipò kìn-ín-ní. Lọ́dún náà, Bugatti Type 59 kan tí a ṣe ní ilẹ̀ Faransé ni ó gbà á. Ọkọ̀ yìí ti borí nínú eré ìje ńlá ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní ọdún 1934, kí ó tó wá di ohun ìní Leopold Kẹta, ọba ilẹ̀ náà. Ọ̀dà dúdú tí ó wà lára rẹ̀ ti gbó, àpá ọdún sì hàn lára rẹ̀ kedere. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọkọ̀ tí a kàn pa mọ́, tí a kò sọ di tuntun, yóò gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ níbẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ní ohun àtijọ́ ní ìkáwọ́ ronú lé e lórí.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni dáadáa, ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ ju Bugatti lọ ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1961, ilé iṣẹ́ Jaguar ti ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọkọ̀ E-type han ayé ní Geneva, ní ilẹ̀ Switzerland. Malcolm Sayer, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tẹ́lẹ̀, ni ó ya àwòrán ara rẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, a sì ròyìn pé ó lè sá tó 150 máìlì ní wákàtí kan. Títí di ọdún 1974 ni a fi ń ṣe irú rẹ̀, iye tí a sì ṣe ju 70,000 lọ. Ní ọdún 1996, ilé ìṣúra iṣẹ́ ọnà òde òní tí ó wà ní New York gba ọ̀kan sínú àwọn ohun ìṣúra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn E-type tí ó kù láyé ni a ti tún kùn, tí a sì ti tún rán awọ wọn, bóyá lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí rèé tí èyí tí ọ̀dà àkọ́kọ́ àti awọ àkọ́kọ́ ṣì wà lára rẹ̀ fi yẹ ní ohun tí a ń fi ọ̀wọ̀ kàn.

Àwọn tí ó fẹ́ kí gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ di tuntun ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ. Wọ́n a ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Wọ́n a ní ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò ṣe é kí ó lè máa ṣá lójú, pé dídán ni ó fi ń dán nígbà tí ó wà ní ilé ìtajà, àti pé ẹni tí ó bá dá a padà sí ipò yẹn ni ó bu ọlá fún oníṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtumọ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti jẹrà, tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán, tí awọ rẹ̀ ti di oúnjẹ eku, kò sí ohun mìíràn tí a lè ṣe ju kí á tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òwe ilé ọba kò bá ọkọ̀ tí kò jó mu. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti iná bọ ààfin, nítorí pé ó fẹ́ kí ó lẹ́wà sí i?

Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ọ̀dà àkọ́kọ́ mọ̀ kò sí nínú ọ̀dà tuntun. Lára ọ̀dà àkọ́kọ́ ni ènìyàn ti lè rí bí àwọn òṣìṣẹ́ Coventry ti ṣe iṣẹ́ wọn: ibi tí wọ́n ti kùn nípọn, ibi tí wọ́n ti kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àti àwọ̀ náà gan-an bí wọ́n ti pò ó. Awọ ìjókòó tí ó ti sán díẹ̀ ń fi hàn pé ènìyàn jókòó níbẹ̀ ní òótọ́, ó sì wà á lọ sí ibi kan. Bí a bá ti há a kúrò, kò sí owó tí a lè fi rà á padà. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọkọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lánàá lè ní aṣọ. Àkísà àgbà ni kò lè ní.

Síbẹ̀, àṣejù wà ní apá kejì pẹ̀lú. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ohun àtijọ́ débi pé wọn kò ní jẹ́ kí á fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ìdọ̀tí pàápàá di ohun mímọ́ lójú wọn. Ìwọ̀nyí gbàgbé pé ọkọ̀ kì í ṣe ère. Ohun tí ń sáré lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ènìyàn ń rìn ni. Táyà tí ó ti pẹ́ lè dára lójú, kí rọ́bà rẹ̀ sì ti gan, kí ó fàya nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Láti ọdún 2000 ni nọ́ńbà mẹ́rin ti máa ń wà lára táyà tí ó ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: bí ó bá jẹ́ 1219, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2019 ni a ṣe é. Omi bíréèkì a máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Bí bíréèkì bá gbóná, omi náà a hó, a sì di ooru, ẹsẹ̀ awakọ̀ a sì rì wọlẹ̀ láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Rọ́bà tí epo pẹtiróòlù ń gbà kọjá a máa gbó, pàápàá jù lọ pẹ̀lú epo tí a pò mọ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, irú èyí tí ó wọ́pọ̀ ní ilé epo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Bí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ bá jò sórí ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná, ọkọ̀ náà yóò jó, àti ọ̀dà àkọ́kọ́, àti awọ àkọ́kọ́, àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Níbo wá ni ó yẹ kí ènìyàn dúró sí? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí onítọ̀hún bi ara rẹ̀ kí ó tó gbé irinṣẹ́. Èkínní: ǹjẹ́ ohun yìí lè pa ènìyàn bí a bá fi í sílẹ̀? Èkejì: bí kò bá lè pa ènìyàn, ǹjẹ́ a lè tún èyí tí ó wà ṣe dípò kí á pààrọ̀ rẹ̀? Ẹ̀kẹta: bí a bá ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, ǹjẹ́ ẹni tí yóò gba ọkọ̀ náà lẹ́yìn wa lè dá a padà sí bí ó ti wà?

Táyà, omi bíréèkì, rọ́bà epo àti okùn iná tí ó ti bó wà lábẹ́ ìbéèrè kìn-ín-ní. A kò gbọdọ̀ jiyàn lórí wọn; kí á pààrọ̀ wọn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpẹtà tí ó wà nínú irin tí ó gbé ara E-type ró ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìpẹtà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtàn, àrùn ni. Gígé ni kí á gé e, kí á sì jó irin tí ó le mọ́ ọn. Awọ tí ó ya wà lábẹ́ ìbéèrè kejì. Kí á fi aṣọ tí ó tutù díẹ̀ àti ọṣẹ tí kò le nù ún, kí á fi òróró awọ pa á, kí á sì fi òwú tí ó jọ ti ìṣáájú rán ibi tí ó tú. Ọ̀dà tí ó ti ṣá ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí pé ìgbàkígbà tí a bá fi ohun dídán họ ọ́, díẹ̀ ń kúrò lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dán an lójoojúmọ́ yóò kan irin láìpẹ́. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kò fẹ́ ìkánjú: kí á fa epo tí ó ti bàjẹ́ dà nù, kí á tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí á kán epo díẹ̀ sínú rẹ̀, kí á sì fi ọwọ́ yí i kí á tó jẹ́ kí bátìrì yí i. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìbéèrè kẹta ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù. Bí a bá tú nǹkan kan kúrò, kò yẹ kí á jù ú sí ààtàn. Kí á dì í, kí á kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, kí á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí. Kí á ya àwòrán ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Kí á ní ìwé kan tí a ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Èyí bá Ìwé Àdéhùn Turin mu, èyí tí FIVA, ẹgbẹ́ àgbáyé fún àwọn ọkọ̀ àtijọ́, fi ọwọ́ sí ní ọdún 2012.

Ẹjọ́ kan tí a dá ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1990 fi hàn bí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti ṣe pàtàkì tó. Bentley kan wà tí a ń pè ní Old Number One, èyí tí ó borí nínú eré ìje Le Mans ní ọdún 1929 àti 1930. Ẹni kan gbà láti rà á ní mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn, ó sì kọ̀ lẹ́yìn náà, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ara ọkọ̀ náà débi pé kì í ṣe òun mọ́. Adájọ́ Otton tọ ìtàn ọkọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì rí i pé kò sí ibi tí ó ti já. Ó dájọ́ pé ojúlówó Old Number One ni, ṣùgbọ́n pé a kò lè sọ pé ó wà bí a ti ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ìdájọ́ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé ìtàn tí a kò jẹ́ kí ó já ni ó ń pa orúkọ mọ́. Èkejì ni pé orúkọ lè kù kí ara àkọ́kọ́ ti lọ, bí ó bá sì ti lọ, adájọ́ kankan kò lè dá a padà.

Ọ̀rọ̀ òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá kun ọkọ̀ tuntun, tí ó sì sọ fún olùrà pé ọ̀dà àkọ́kọ́ ni, olè ni, bí kò tilẹ̀ fọ́ ilé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé rẹ̀, tí ó fi han ni pé èyí ni mo pààrọ̀, èyí ni mo rán, èyí ni n kò fi ọwọ́ kàn, ó ti ṣe ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀, ó sì ti ṣe ẹ̀tọ́ sí ènìyàn.

Ní òpin gbogbo rẹ̀, ẹni tí ó ní ọkọ̀ àtijọ́ dà bí ẹni tí a fi ẹrù pa mọ́ sí lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni ó ni ín ṣáájú, ẹlòmíràn ni yóò sì gbà á lẹ́yìn. Kí ó rí i pé ọkọ̀ náà lè rìn, pé ó lè dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, àti pé kò ní jò kí ó gbiná. Lẹ́yìn èyí, kí ó nù ún, kí ó sì fi í sílẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni ó kọ ohun tí ó wà lára rẹ̀. Kò yẹ kí ọwọ́ ẹnì kan pa á rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan.