Ẹsẹ̀ Nínú Òbìrìkítí: Ohun Tó Ń Dá Asọ̀ Sílẹ̀ Nínú Eré Pẹ́tánkì

Ní Hédzranawoé, àdúgbò Lomé tí ọjà aṣọ òkìrìkà sọ di olókìkí, eré pẹ́tánkì kì í ṣe àjèjì, bí kò ti jẹ́ àjèjì ní àwọn àdúgbò mìíràn nínú ìlú náà. Bọ́ọ̀lù irin díẹ̀ àti ilẹ̀ gbalasa ti tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eré tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín lè parí sí asọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ọwọ́ tó ju bọ́ọ̀lù ló fa asọ̀ náà, ẹsẹ̀ ni. Ẹnìkan á ní: «Ẹsẹ̀ rẹ ti jáde!» Èkejì á ní: «Irọ́ ni!»

Kí ni òfin sọ? Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ dúró sínú òbìrìkítí kan. Bí ó bá jẹ́ pé orí ilẹ̀ ni wọ́n fà á sí, fífẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà 35, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ láìtẹ ìlà. Wọn kò gbọdọ̀ jáde, wọn kò sì gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ pátápátá, títí bọ́ọ̀lù tí a jù yóò fi kan ilẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà «pátápátá». Bí gìgísẹ̀ bá gbéra, tí ìka ẹsẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí gbogbo ẹsẹ̀ bá gbéra, ẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa jiyàn lásán.

Òfin ẹsẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀ràn kékeré. Òun gan-an ló bí eré náà. Ní ìlú La Ciotat, ní gúúsù Faransé, láàárín ọdún 1907 sí 1910, wọ́n ń ta irú eré bọ́ọ̀lù kan tó gba pé kí ènìyàn gbẹ́sẹ̀ síwájú kí ó tó ju bọ́ọ̀lù. Ìtàn sọ pé ògbóǹtarìgì kan, Jules Lenoir, kò lè ta á mọ́ nítorí làkúrègbé. Wọ́n wá ṣe òfin tuntun: kí olúkúlùkù dúró sójú kan, kí ó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti inú èdè Provence ni orúkọ pẹ́tánkì ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni «ẹsẹ̀ tó fìdí múlẹ̀». Nítorí náà, ẹni tó bá fò tàbí tó gbẹ́sẹ̀ síwájú ń gba àǹfààní tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀ láti mú kúrò. Òfin náà ṣì ń ṣàánú aláìlera: ẹni tó jẹ́ aláàbọ̀ ara ní ẹsẹ̀ lè fi ẹyọ ẹsẹ̀ kan péré sínú òbìrìkítí.

Kí ló dé tí asọ̀ kò fi tán? Ìdí rẹ̀ ni pé bí bọ́ọ̀lù bá ti gbéra, òun ni gbogbo ojú ń tẹ̀lé. Kò sí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀, àfi alátakò tó ń wá àṣìṣe. Alátakò náà ló ń fẹ̀sùn kàn, òun náà ló sì fẹ́ dájọ́. Àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Eré mìíràn ti wá ojútùú sí irú ìṣòro yìí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń ju àwo pẹlẹbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ onírin. Bí ó bá ku mítà 10 tàbí kí ó dín, ẹni tó ju àwo gbọ́dọ̀ dúró ṣinṣin lẹ́yìn àmì rẹ̀ kí ó tó gbẹ́sẹ̀ síwájú. Bí eléré kan bá ní òun rí àṣìṣe, tí kò sí adájọ́ níbẹ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìdíje àgbáyé pẹ́tánkì wáyé ní Kútọnu, tí kò jìnnà sí Lomé. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ dé irú ibẹ̀ yóò bá adájọ́ pàdé. Adájọ́ lè fi káàdì aláwọ̀ ìyeyè kìlọ̀ fún un. Bí ó bá tún ṣẹ̀, káàdì aláwọ̀ ọsàn lè fagi lé bọ́ọ̀lù rẹ̀. Nínú eré ẹni mẹ́ta sí mẹ́ta, bọ́ọ̀lù méjì péré ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní. Àdánù ńlá ni.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó púpọ̀. Kí a tún ìlà fà bí iyanrìn bá ti pa á rẹ́. Kí a ka òfin sétí gbogbo eléré kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kí a sì fi ẹnìkan tí kò sí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ṣọ́ ẹsẹ̀ nìkan, kí ó má wo bọ́ọ̀lù rárá.