Owó oṣù òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òkun: kóòtù wo ló ni ẹjọ́?

Ẹni tó ń gbé ní Ìjagun lè rò pé ẹjọ́ ọkọ̀ òkun ò kan òun. Bẹ́ẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn ní etí òkun tiẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, Èkó náà ò sì jìnnà sí Ìjẹ̀bú. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, tí olówó ọkọ̀ ò sanwó oṣù ẹ̀, kóòtù wo ló máa gbà lọ?

Ẹni tó jẹ gbèsè lórí ilẹ̀ nílé, ó lẹ́bí, wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti máa bá a. Ọkọ̀ òkun yàtọ̀. Olówó rẹ̀ lè wà ní Gíríìsì, kí àsíá ara rẹ̀ jẹ́ ti Panama, kí ó sì ti ṣíkọ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fi gbà pé èèyàn lè pe ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́. Kóòtù á ní kí wọ́n mú un sí èbúté, kò sì ní kúrò níbẹ̀ àfi tí olówó rẹ̀ bá fi nǹkan dúró. Bí kò bá yọjú, wọ́n lè ta ọkọ̀ náà san gbèsè.

Yorùbá ti jẹ àǹfààní irú agbára yìí rí. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, kóòtù ọkọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ ní Freetown. Láti 1819, adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Potogí tún jọ ń jókòó níbẹ̀ nínú kóòtù àjọṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Myrmidon mú ọkọ̀ Potogí kan, Esperança Félix, tó kó ẹrú láti Èkó. Àjàyí, tí wọ́n wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther, wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń dá lẹ́jọ́ ní Freetown. Bí ọkọ̀ bá jẹ̀bi, àwọn tí wọ́n kó sínú rẹ̀ dòmìnira. Òṣìfẹ́kúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí àwọn ajalèlókun mú ní 1820, ò rírú oore bẹ́ẹ̀. Brazil ni wọ́n tà á sí.

Ní Nàìjíríà lónìí, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ẹjọ́ òkun. Òfin 1991 sọ bẹ́ẹ̀, abala 251 ìwé òfin 1999 náà sọ ọ́. Òfin 1991 yẹn ka owó oṣù òṣìṣẹ́ mọ́ gbèsè tí wọ́n lè tìtorí ẹ̀ mú ọkọ̀.

Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2011, ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó kó gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́ fún kóòtù òṣìṣẹ́, tí aráàlú mọ̀ sí Industrial Court. Ní 2021, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dúró lórí ẹ̀ nínú ẹjọ́ ọkọ̀ MT Sam Purpose: ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lowó oṣù, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkun.

Ẹni tó bá ka ìwé òfin náà ò lè bá wọn jiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ló ń jìyà ẹ̀, torí Ilé Ẹjọ́ Gíga ni òfin 1991 gbé agbára àtimú ọkọ̀ fún. Bí àwọn lọ́yà bá ṣì ń fa ọ̀rọ̀ kóòtù mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọkọ̀ ò ní dúró dè wọ́n. Ẹni tó ta epo fún ọkọ̀ náà ṣì lè ní kí wọ́n mú un. Ẹni tó wà á dé èbúté ló ń wá ọ̀nà kiri.

Àyàfi tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá sọ ohun mìíràn, ìwé òfin ni wọ́n máa tún ṣe. Lẹ́yìn Abuja, ìyẹn gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36, ti Ògùn tó wà l'Abẹ́òkúta náà sì ní ìbò tiẹ̀.