Ọ̀rọ̀ Lórí Kíka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Bí àgbẹ̀ bá kọ igba ebè, tí ó sì fi èbù sí i, kì í bẹ̀rù láti padà lọ kà á. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, a ó rí i tí ó ń ti aporo kan bọ́ sí èkejì, tí ó ń wo èyí tí ó hù àti èyí tí kò hù. Bí ogún bá kùnà, yóò fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò, kí ó lè mọ̀ bóyá ikán ni ó jẹ ẹ́, tàbí òkété ni ó wú u, tàbí èbù fúnra rẹ̀ ni ó jẹrà. Ohun tí ó bá rí ni yóò kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe ní ọdún tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ibi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ ènìyàn, ọgbọ́n yìí a fi ilé sílẹ̀, a ó sì gbọ́ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ó dá àṣà náà sílẹ̀. Ẹni tí ó ti sin ọmọ mẹ́ta kò ní í fẹ́ kí a máa na ìka sí ẹni kẹrin. Bí àlejò bá bi irú obìnrin bẹ́ẹ̀ léèrè pé ọmọ mélòó ni ó bí, yóò dáhùn pé, “Ọlọ́run fún mi ní méjì.” Àwọn alààyè ni ó kà, àwọn mẹ́ta tí ó lọ, kò ní í mẹ́nu bà wọ́n. A kì í sì í jẹ́ kí òbí mọ ibojì ọmọdé. Àwọn àgbà ilé ni yóò gbé e lọ, wọn ó sì sọ fún ìyá pé kí ó má sunkún, pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ìtùnú tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi agbè rẹ̀ ń dànù ní ọdọọdún, ó yẹ kí ó yẹ ìdí agbè náà wò.

Àwọn onígbàgbọ́ mìíràn tilẹ̀ ń fi Ìwé Mímọ́ gbe àṣà yìí lẹ́sẹ̀. Wọn a ní Dáfídì ka ènìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn sì dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí ó lè fa idà yọ ni Dáfídì kà, kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ṣáájú rẹ̀, Mósè ti ka Ísírẹ́lì nípa àṣẹ Ọlọ́run, àní nínú ẹ̀yà Léfì, láti orí ọmọkùnrin olóṣù kan ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Olúwa wa pàápàá, ìgbà tí àwọn òbí rẹ̀ rin ìrìn àjò láti lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ni a bí i.

Nàìjíríà ti ṣe kíkà ti Dáfídì ju ti Mósè lọ. Ní 1931, eṣú àti ìjà owó orí kò jẹ́ kí ìkànìyàn náà lọ déédéé. Èyí tí a ṣe ní 1962, a wọ́gi lé e. A tún un ṣe ní 1963, a sì kéde ènìyàn bí 55.6 mílíọ̀nù, ìjà sì tẹ̀lé e. Ti 1973 náà, a pa á tì. Ní 1991 a rí 88.9 mílíọ̀nù, iye tí ó kéré ju èyí tí ọ̀pọ̀ ń retí. Ní 2006 a rí 140,431,790. Èyí tí a fẹ́ ṣe ní 2023, a sún un síwájú. Nínú gbogbo asọ̀ yìí, owó ìjọba àti ìjókòó ìgbìmọ̀ ni olúkúlùkù ń jà fún. A kò tí ì gbọ́ pé ẹnìkan bá ẹnìkejì jà nítorí pé a kò ka ọmọ ọjọ́ mẹ́ta.

Kíkà mìíràn wà tí kì í pa ariwo bẹ́ẹ̀. Ní ọdún mélòó kan síra wọn, àwọn oníwèé ìbéèrè a máa lọ sí àwọn ilé tí a ṣà jáde káàkiri orílẹ̀-èdè, wọn a sì máa bi àwọn obìnrin tí ó wà láàrin ọdún 15 sí 49 léèrè nípa gbogbo ọmọ tí wọ́n ti bí, àti èyí tí ó yè àti èyí tí ó kú. Láti inú ìdáhùn àwọn ìyá ni a ti mọ̀, ní 2018, pé nínú ọmọ 1,000 tí a bí ní ọdún márùn-ún ṣáájú ìwádìí náà, 132 ni ó kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Nínú wọn, 67 kò pé ọdún kan, 39 kò sì lo oṣù kan láyé. Nígbà tí a tún béèrè ní 2023 sí 2024, 132 ti di 110. 67 ti di 63. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò lo oṣù kan jẹ́ 41.

Kí a má sáré sọ pé ó ti burú sí i, nítorí 39 àti 41 kò jìnnà síra, ìwádìí tí kò dé gbogbo ilé kò sì lè fi ìdí ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé ọmọ tí ó ti ń jókòó, tí ó ti ń rìn, ń rí ààbò ju ti àtijọ́ lọ. Ọmọ tuntun kò rí i. Nínú gbogbo ọmọ tí ó kú láìpé ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta tí ó lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì pe èyí ní àyànmọ́. Ní 2018 yẹn kan náà, 30 nínú 1,000 ni ìwádìí rí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fún àwọn tí kò pé ọdún márùn-ún, 252 ni ti Kebbi. Ọlọ́run kan náà ni ó dá ọmọ ibẹ̀ àti ọmọ ìhín.

Yorùbá ti ní ìwé ìkọsílẹ̀ tirẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ni a fi ń kọ ọ́. Ẹni tí ó gbọ́ Kòkúmọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí tàbí Kòsọ́kọ́ ti mọ̀ pé àwọn kan ti lọ ṣáájú ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ń dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ìwé ìrìbọmi ti ìjọ tilẹ̀ ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú mẹ́rin àwọn ọmọ tí ó kú ní oṣù àkọ́kọ́ káàkiri ayé, bí mẹ́ta ni kì í ré kọjá ọ̀sẹ̀ kìíní. Èyí ni pé kí a tó sọ wọ́n lórúkọ ni wọ́n ti lọ. Wọn kò sí nínú ìwé ọba, wọn kò sí nínú ìwé ìjọ, wọn kò sì sí lórí ahọ́n àwọn ará ilé.

Ohun mìíràn tí àìkọsílẹ̀ ṣe ni pé ó jẹ́ kí a fi orúkọ kan ṣoṣo pe ikú oríṣiríṣi. Ọmọ tí ó kú ní ọjọ́ tí a bí i, àbíkú ni. Èyí tí ó kú ní ọjọ́ kẹsàn-án, àbíkú ni. Èyí tí ó kú lẹ́yìn tí ó ti ń pe bàbá, àbíkú ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọjọ́ ikú gan-an ni ó sábà máa ń tú àṣírí ohun tí ó pa ọmọ. Èyí tí ó lọ ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ ọmọ tí kò ké nígbà tí a bí i, tí kò sì sí ẹni tí ó mọ bí a ti í ràn án lọ́wọ́ láti mí. Tàbí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí òtútù mú. Irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìwẹ̀ ní ọjọ́ náà rárá. Àyà ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́, ara kan ara, kí a sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì pọ̀. Èyí tí ó ti ń mú ọmú dáadáa, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá dè láàrin ọjọ́ kẹta sí ìkẹrìnlá, tí ara rẹ̀ ń le gan-an bí igi bí a bá fọwọ́ kàn án, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run ni ó ń pè é. Abẹ tí a fi gé ìwọ́ rẹ̀ ni, tàbí ohun tí a fi sí ojú ìwọ́ náà. Abẹ́rẹ́ tí a bá gún fún ìyá rẹ̀ nígbà oyún ì bá sì ti dáàbò bò ó. Èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí ó ń sunkún ìrora, tí ojú rẹ̀ sì ń pọ́n, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, èyí tí ọmọ máa ń jogún láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ìgbẹ́ gbuuru ń pa èyí tí a ń rọ ní omi àti àgbo nígbà tí ọmú nìkan tó o. (Ní 2018, 29 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà ni a ń fún ní ọmú nìkan.) Ilé kan tí ọmọ mẹ́ta ti kú lè jẹ́ pé ohun mẹ́ta ni ó pa wọ́n, ó sì lè jẹ́ abẹ kan náà. Ẹni tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀?

Àwọn kan yóò wí pé ìwé kì í ṣe oògùn. Ìmẹ̀sí-Ilé lè dá wọn lóhùn. Ní 1956, dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ó sì lo ọdún bíi márùn-ún níbẹ̀. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àwọn ọmọ sílẹ̀, wọ́n ń wọ̀n wọ́n lóòrèkóòrè, wọ́n sì ń fi àmì ìwúwo wọn sí orí káàdì. Bí ilà náà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró tàbí tí ó rẹlẹ̀, a ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é kí ó tó rù. Ọwọ́ ìyá ni a sì fi káàdì náà sí, kì í ṣe inú àpótí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá tí kò mọ ìwé kà pàápàá pa á mọ́. Káàdì yẹn ni ó tàn kálẹ̀ dé orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kò sí ìyá kan tí kíkà náà pa ọmọ rẹ̀.

Òfin ìjọba ti 1992 ti pàṣẹ pé kí a máa kọ ìbí àti ikú sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Síbẹ̀ ní 2018, 43 péré nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò pé ọdún márùn-ún ni a ti kọ ìbí wọn. Ọ̀pọ̀ òbí kò rántí ìwé ìbí àfi ìgbà tí ilé-ìwé bá béèrè rẹ̀, ọmọ tí ó kú kò sì ní í lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn òbí nìkan. Ibi tí ilé akọ̀wé jìnnà tó ìrìn àjò ọjọ́ kan, ta ni yóò fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ láti lọ ròyìn òkú ọmọ ọjọ́ méjì?

Nítorí náà, àwọn tí ó súnmọ́ ilé ni ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀. Ní 2018 náà, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ni ó wáyé ní ilé ìwòsàn; ilé ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ìyókù ti wáyé, lọ́wọ́ agbẹ̀bí tàbí lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ìwé ìkọ̀wé kan tó fún ilé agbẹ̀bí ìjọ fún ọdún kan. Kí alàgbà tàbí olùkọ́ tí ó mọ ìwé kọ máa wò ó ní òpin oṣù, kí ó sì mú un tọ akọ̀wé ìbí àti ikú lọ, kí ẹsẹ̀ kan lè rìn fún ogún ènìyàn. Kí a kọ ọjọ́ ìbí, bóyá ọmọ náà ké tàbí kò ké, bí ó ti wúwo tó bí òṣùwọ̀n bá wà, ohun tí a fi gé ìwọ́, àti bóyá ìyá gba abẹ́rẹ́. Kí a fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ọjọ́ ikú àti ohun tí a rí ṣáájú rẹ̀. Bí ọmọ náà kò bá tí ì ní orúkọ, kí a kọ orúkọ ìyá rẹ̀ síbẹ̀, kí a sì kọ ọ́ pé ọkùnrin ni tàbí obìnrin.