Àgbàlá Tí A Fi Páànù Bò

Ẹni tó bá wọ agbo ilé àtijọ́ kan ní Ìnísà, ìlú àwọn ọmọ Ọ̀tìn, ní ọ̀sán gangan inú ẹ̀rùn, tí ó ti ojú títì tí ọ̀dà ti ń yọ́ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí àgbàlá ká, yóò ti mọ̀ lára, kí ẹnikẹ́ni tó là á yé e, pé àwọn tó kọ́ ilé náà kì í ṣe òpè. Ògiri amọ̀ tó nípọn a máa fa ooru ọ̀sán mọ́ra díẹ̀díẹ̀, kò ní í jẹ́ kó dé inú yàrá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò ní í jẹ́ kí òòrùn rí ojú ògiri nà. Bí ó bá sì di òru, àgbàlá tí kò ní òrùlé a tú ooru ara rẹ̀ sójú ọ̀run, atẹ́gùn tútù, tó wúwo ju gbígbóná lọ, a rọra sọ̀ sínú rẹ̀, a sì gba ẹnu ọ̀nà wọ yàrá. Nígbà ọyẹ́, tí òtútù ìdájí ń gbọn ọmọdé jìgìjìgì, ooru tí ògiri kan náà ti tọ́jú láti ọ̀sán ni ará ilé ń yá. Bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo, kó tó gba Ìkìrun onílẹ̀ obì àti Òkukù kọjá sí òkè. Páànù àti sìmẹ́ńtì sì bá a wọlé, owó kòkó sì rà wọ́n. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí páànù, nítorí iná kì í jó o bí ó ti ń jó bẹẹrẹ. Àṣìṣe wa ni pé a ka amọ̀ àti àgbàlá sí ohun kan náà, ohun òtòṣì, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a kọ amọ̀ sílẹ̀ ni a kọ àgbàlá mọ́ ọn. Ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀ ni yàrá méjì-méjì tó kọjú síra, ọ̀nà òkùnkùn kan láàárín, òrùlé tó rẹlẹ̀, àti fèrèsé tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni fáànù ti ń fẹ́ ooru lu onílé, tí ẹ̀rọ amúlétutù fi di dandan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, sọ iye iná kílówáàtì kan fún wákàtí kan di 225 náírà fún àwọn oníbàárà ìpele kìn-ín-ní. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bẹntiróòlù tí owó ìrànwọ́ ti kúrò lórí rẹ̀ láti 2023.

A kò ní í fi àgbàlá ṣe oògùn gbogbo àrùn. Èyí tí a da kọnkéré sí nílẹ̀, tí kò ní igi kan, a máa dá ooru padà bí ojú ààrò. Èyí tí ògiri dí yíká láìsí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò yàtọ̀ sí kànga, pàápàá nígbà òjò tí ara ń lẹ̀ típẹ́típẹ́. Ní ìlú òtútù, ògiri rẹ̀ tó pọ̀ a máa jẹ́ kí ooru inú ilé jò jáde. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kì í ṣe ìlú òtútù. Maxwell Fry àti Jane Drew, aláwọ̀ funfun méjì tó yàwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn, mọ̀ pé àgbàlá bá ilẹ̀ ooru mu: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, àgbàlá, àti ògiri oníhò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n fi tu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára.

Nítorí náà a ń bẹ àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní Òkukù fún Odò-Ọ̀tìn, àti ní Ìkìrun fún Ìfẹ́lódùn, pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn tuntun tí kò ní àgbàlá ṣíṣí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé tó kọjú síra. Búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n fi mọ ọ́n, bí ó bá wù wọ́n. Àwọn agbo ilé kan ṣì wà tí àgbàlá wọn kò tíì wó. Kí àwọn bírìkìlà ọ̀dọ́ mú okùn lọ wọn fífẹ̀ wọn sí gíga òrùlé, nígbà tí àwọn àgbà tó lè sọ ìdí rẹ̀ fún wọn ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.