Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tí Ó Jọ Wá Ni Ìbátan Wa

Nígbà tí mo lọ lo ìsinmi nílé ní Ìkìrun, mo yà sí ìsọ̀ aránbàtà kan nítòsí ọjà, mo sì bá ọkùnrin méjì níbẹ̀ tí wọ́n ń jiyàn kíkankíkan. Ọ̀kan ní kí Òyìnbó tó dé, àwọn baba ńlá wa kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n ń fi rìn, ẹnu ilé iṣẹ́ Bata ni a sì ti gbọ́ orúkọ náà. Èkejì fi ìbínú dáhùn pé irọ́ ni, pé Òyìnbó ni ó jí ọ̀rọ̀ wa gbé, tí ó fi sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n bi èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè ní yunifásítì pé ta ni ó jàre. Mo ní àwọn méjèèjì ni wọ́n jẹ̀bi. Wọn kò gbà fún mi. Ìdí nìyí tí mo fi mú kálàmù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ti èkínní lóhùn. Ọdún 1894 ni Tomáš Baťa àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ méjì dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Zlín, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Czech lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé tí Samuel Àjàyí Crowther fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ti jáde láti 1852, bàtà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1884 tí odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá, ilé iṣẹ́ Zlín ṣì ku ọdún mẹ́wàá kí a tó dá a sílẹ̀. Ọmọ tí a kò tíì bí ha lè sọ bàbá rẹ̀ lórúkọ bí? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ó wá ku èkejì, òun gan-an ni mo sì ń bẹ̀rù jù, nítorí pé irọ́ tirẹ̀ dùn létí. Baťa kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni jí. Orúkọ ìdílé ọkùnrin náà ni. Ohùn tí ẹnu ènìyàn lè pè kò pọ̀ títí. B àti t àti a wà nínú èdè tí ó pọ̀ jù lọ láyé, wọn kò sì lè ṣe kí wọ́n má pàdé ara wọn. Nínú èdè Tagalog ti ilẹ̀ Philippines, ọmọdé ni bata. Ní Tọ́kì, baba ńlá ni ata, kò sì sí ẹni tí ó ń fi í se ọbẹ̀. Ní Poland, ẹni tí ó bá sọ pé ile ń béèrè pé, “Mélòó?” Ṣé àwọn ará Poland náà ti wá jí ilé wa gbé ni?

Àṣìṣe yìí kò mọ sí ìsọ̀ aránbàtà. Ní 1948, Olumide Lucas, àlùfáà àti ọ̀mọ̀wé, gbé ìwé jáde lórí ẹ̀sìn Yorùbá, nínú èyí tí ó gbìyànjú láti fi ìjọra ọ̀rọ̀ so wá mọ́ Íjíbítì àtijọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ìjọra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Kí ni ẹ̀rí, nígbà náà? Ẹ wo àwa àti àwọn Igbo: ẹta, etí, ẹnu, imú ni tiwa, atọ, ntị, ọnụ, imi ni tiwọn. Wọn kò jọra délẹ̀délẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí t wà lọ́dọ̀ wa ni ó wà lọ́dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ ni n, bẹ́ẹ̀ ni m. Èyí ni ìbátan. Ẹ tún wo àlùbọ́sà tí àwọn ará Òkè Ọya ń kó wá sí ọjà wa: albasa ni Hausa ń pè é, al-basal ni Lárúbáwá. Ọ̀rọ̀ náà àti ọjà náà jọ rin ọ̀nà kan náà ni. Èyí ni àyálò.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó jẹ́ tiwa ní tòótọ́. Bàtá, ìlù Ṣàngó, yàtọ̀ sí bàtà. Ohùn ni ó pín wọn níyà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, tí ogun gba ilẹ̀ wa kan láàrin àwọn ọdún 1800, a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà. Títí di òní wọ́n ń lu batá níbẹ̀ fún Ṣàngó, wọ́n ń tẹnu mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà, iyá ni wọ́n sì ń pe èyí tí ó tóbi jù, gẹ́gẹ́ bí àwa ti ń pe tiwa ní ìyá ìlù. Síbẹ̀, ní Kúbà kan náà, bata ni wọ́n ń pe aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí a ń wọ̀ nínú ilé; Sípéènì ni èyí ti wá. Àlejò méjì ni wọ́n pàdé ní ìlú kan.

Ẹni tí ó bá gba ti èkínní gbọ́ yóò máa kẹ́gàn àwọn baba rẹ̀ láìnídìí. Ẹni tí ó bá gba ti èkejì gbọ́ ń ba ẹjọ́ wa jẹ́: bí a bá ń sọ pé tiwa ni Bata, ta ni yóò gbà wá gbọ́ lọ́jọ́ tí a bá ní tiwa ni bàtá?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kéde pé ọ̀rọ̀ kan bí òmíràn, ẹ béèrè ọdún rẹ̀, ẹ béèrè ọ̀nà tí ó gbà wá, ẹ béèrè ohùn rẹ̀. Ìbéèrè kì í jẹ́ kí ẹni ṣìnà. Bí mo bá padà sí ìsọ̀ náà ní Ìkìrun, ohun tí n ó tún wí nìyí: bàtà, tiwa ni, Bata, tiwọn ni, bàtá, tiwa ni níbikíbi tí ó bá ti ń dún.