Ọwọ́ Kan fún Ọkọ̀, Ọwọ́ Kan fún Ọ̀bẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Òtítọ́ ni. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ kan ṣoṣo ni ènìyàn ní láti fi ṣiṣẹ́, nítorí pé èkejì ń di ẹ̀mí mú. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ọ̀bẹ kékeré kan ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ náà, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń ká sínú èèkù tí a sì ń fi sápò.

Ní ìparí ọdún tó kọjá, mo lọ kí àbúrò bàbá mi ní Igbókòdá, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹni tó bá mọ Igbókòdá mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà omi ti ń gba ìrìn-àjò lọ́wọ́ ọ̀nà ilẹ̀. Ní èbúté ibẹ̀ ni a ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Ayétòrò àti àwọn ìletò etí òkun mìíràn, ibẹ̀ náà sì ni ẹja ti ń gúnlẹ̀ sí ọjà. Apẹja ni Bàbá láti ìgbà èwe wọn. Èmi ní tèmi, ọ̀bẹ tuntun ni mo mú lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe fáàrí níwájú àwọn ọmọ ilé. N ó fi ọrùn ọwọ́ ju ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ yóò sì jáde, "pàú!" Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́. Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn kò sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, a wọ ọkọ̀ Bàbá, a ń lọ sí Ayétòrò. A kò tíì rìn jìnnà tí okùn àwọ̀n àlòkù kan fi lọ́ mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì wa, ẹ́ńjìnnì sì kú. Ọkọ̀ asáré kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní àkókò náà, ìgbì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa jó. Bàbá gbé ìdí ẹ́ńjìnnì kúrò nínú omi, wọ́n sì ké sí mi pé, "Ìwọ ọlọ́bẹ, gé e!"

Mo fi ọwọ́ òsì di etí ọkọ̀ mú, mo fa ọ̀bẹ yọ. Mo jù ú bí mo ti máa ń jù ú, kò ṣí. Mo tún jù ú, kò ṣí. Mo ti fi ha ìpẹ́ ẹja ní alẹ́ àná, mo sì tì í bọ àpò láìfọ̀ ọ́. Ìpẹ́ àti iyanrìn ti há sí ìdí rẹ̀. Ìkánjú mú mi, mo fi etí ọkọ̀ sílẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì ṣí i. Ìgbì kan dé. Bí kì í bá ṣe pé Bàbá gbá mi lẹ́wù mú, inú omi ni ǹ bá wà. Ọ̀bẹ mi bọ́, ó rì.

Wọn kò fi ẹ̀wù mi sílẹ̀. Ọwọ́ òsì wọn dì mí mú, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì yọ ọ̀bẹ tiwọn, èyí tí èèkù rẹ̀ ti gbó tó sì ti dúdú. Àtàǹpàkò wọn tì í, ojú rẹ̀ jáde jẹ́jẹ́, kò dún ju "kẹ́" lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n fi í gé okùn náà, ó sì já.

Nígbà tí a padà délé, wọ́n ní kí n jókòó. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "ọwọ́ kan ni ti ọkọ̀, ọwọ́ kan ni ti iṣẹ́. A kì í fi ọwọ́ kan ṣí ọ̀bẹ kí ọmọdé lè pàtẹ́wọ́. À ń fi ọwọ́ kan ṣí i nítorí pé èkejì kò ráyè."

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣe ti ọwọ́ rárá, ti ọ̀bẹ ni. Ọ̀bẹ tó bá dọ̀tí kò ní gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Omi iyọ̀ a máa jẹ irin, iyanrìn a sì máa há sí ibi tí ìṣó ti so ojú ọ̀bẹ mọ́ èèkù. Nítorí náà, a ó fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́, a ó nù ún gbẹ, a ó sì kán òróró díẹ̀ sí ìdí ìṣó náà. Bí ìṣó bá le jù, ojú ọ̀bẹ kò ní yí. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò máa mì, ìyẹn sì léwu.

Ẹ̀kọ́ kejì ni bí a ṣe ń dì í mú. Èèkù yóò sùn sórí ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n orí àwọn ìka náà kò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà tí ojú ọ̀bẹ ń gbà jáde. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ náà: ihò róbótó tàbí kókó kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ fún àtàǹpàkò. Ibẹ̀ ni a ó ti tì í. A kò ní tì í síwájú tààrà. A ó jẹ́ kí ó tẹ̀ yípo bí òṣùmàrè, títí a ó fi gbọ́ "kẹ́" tó fi hàn pé irin ìdènà inú èèkù ti mú un. Ẹ jókòó sórí ilẹ̀ kọ́ ọ, ẹ ṣe é díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọrùn ọwọ́ jù ú, oríire ló gbára lé.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni pípa á dé, ibẹ̀ sì ni ó rọrùn jù láti gé ara ẹni. Kí a tó tẹ irin ìdènà, kí a rí i dájú pé ìka kankan kò sí níbi tí ojú ọ̀bẹ yóò gbà wọlé. Bí ọwọ́ méjèèjì bá ráyè, kí a fi méjèèjì pa á dé.

Ọ̀bẹ kíká kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1890 ni Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ ní Savoie, nílẹ̀ Faransé. Ní 1897 ni Karl Elsener forúkọ ọ̀bẹ àwọn ọ̀gá ológun rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Switzerland. Ṣùgbọ́n èékánná ni a fi ń fa ojú irú àwọn ọ̀bẹ wọ̀nyẹn jáde, ìyẹn sì ń gba ọwọ́ méjì. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Spyderco ní Amẹ́ríkà gbé èyí tó ní ihò róbótó fún àtàǹpàkò jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà wá láti Ìlú Ọba, ẹ ṣọ́ra. Òfin ọdún 1988 níbẹ̀ gba ọ̀bẹ kíká tí ojú rẹ̀ kò gùn ju íńṣì 3 lọ, tí kò sì ní irin ìdènà. Èyí tó bá ní ìdènà, ẹ kò gbọdọ̀ mú un rìn ní ìgboro láìní ìdí pàtàkì.

Àwọn àgbà tún ní ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Èmi gan-an ni ọ̀bẹ náà. Gbogbo jíjù tí mo ń ju ọ̀bẹ mi fún àtẹ́wọ́, ìṣó rẹ̀ ni mo ń tú. Mo ti ra òmíràn báyìí, mo sì ń fọ̀ ọ́ lálaalẹ́. Nígbàkígbà tí àtàǹpàkò mi bá ń tì í jẹ́jẹ́, ọwọ́ òsì tó di ẹ̀wù mi mú lórí omi ni mo máa ń rántí. Kí ọ̀tún tèmi náà má baà dójú ti òsì lọ́jọ́ tí yóò di ẹlòmíràn mú ni mo ṣe ń kọ́ ọ.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.