Jíìpù Kò Dá Skánà Lóhùn, Wọ́n Ní Brain Box Ti Kú

Owó àjọ ni Màmá oníṣu fẹ́ fi ra brain box. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi dá àjọ náà lọ́dọ̀ alájọ ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, iṣu Ìgbòho ló sì ní lọ́kàn pé òun máa fi rà. Àfi bí jíìpù 4Runner rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Láàárọ̀, kò tètè ń jí. Tó bá jí tán, á tún máa kú lójú títì títí ẹ́ńjìnnì yóò fi gbóná. Iná kékeré tí wọ́n kọ Check Engine sí wá tàn síwájú dẹ́rẹ́bà, kò kú mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ríwáyà tó ń bá wọn tún iná ọkọ̀ ṣe gbé skánà dé. Ẹ̀rọ tuntun ni, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti fóònù. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ẹ̀rọ náà kọ ọ́ lédè òyìnbó pé òun kò rí ọkọ̀ náà bá sọ̀rọ̀. Ríwáyà mi orí.

"Màmá, ẹ má bínú o. Brain box yín ti kú. Ẹ wá owó, ká lọ wá tòkunbọ̀ ní Gate."

"Ikú kẹ̀? Ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé mi wá síbí láàárọ̀ yìí?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Màmá. Skánà kì í parọ́."

Lóòótọ́, skánà yẹn kò parọ́. Ohun tó sọ ni pé òun kò rí ọkọ̀ bá sọ̀rọ̀. Ríwáyà ló fi ikú kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jíìpù àtijọ́, àwọn tó ní four-wheel tí ẹrẹ̀ kì í dá dúró lọ́nà oko, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Skánà kì í ṣe dókítà tó ń fọwọ́ kan ara aláìsàn. Ìbéèrè ló ń bi kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà náà á sì fi nọ́ńbà dá a lóhùn. Kí wọ́n tó lè gbọ́ra wọn yé, èdè kan náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa sọ. Ẹ mú ará Ṣakí kan tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ, kí ẹ ní kó lọ ná àlùbọ́sà lọ́wọ́ oníṣòwò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sókótó dé, tí kò gbọ́ ju Hausa lọ. Tí onílùbọ́sà kò bá fèsì, ṣé ó ti kú ni?

Ìjọba Amẹ́ríkà ló fi òfin dè é pé gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n bá tà nílẹ̀ wọn láti mọ́dẹ̀lì 1996 gbọ́dọ̀ ní ẹnu kan náà tí skánà lè wọ̀, ẹnu oníhò 16 tó máa ń wà nísàlẹ̀ ibi tí steering wà. OBD-II ni wọ́n pe ètò náà. Èéfín ló fà á: wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ máa fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ tó bá ti ń tú èéfín búburú jù. Ní Yúróòpù, 2001 ni òfin tiwọn tó mú gbogbo ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù, ó sì di 2004 kó tó kan gbogbo tuntun tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì.

Jíìpù Màmá oníṣu ńkọ́? Mọ́dẹ̀lì 1992 ni. Ó fi ọdún mẹ́rin ṣáájú òfin. Kò tiẹ̀ ní ẹnu oníhò 16 rárá. Báwo wá ni ríwáyà ṣe ki skánà bọ̀ ọ́? Ó ní àdápítọ̀ kan, wáyà kúkúrú tí orí kan rẹ̀ bá ẹnu Toyota àtijọ́ mu, tí orí kejì bá skánà mu. Àmọ́ ẹnu nìkan ni àdápítọ̀ ń pààrọ̀, kì í pààrọ̀ èdè. Ẹ lè bá ará Ṣakí yẹn dé fìlà Hausa, ìyẹn ò ní kó gbọ́ Hausa.

Bàbá fítà kan wà nínú fíléèjì náà tí ń wo gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ǹṣì. Òun ló pe ríwáyà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Kò kàn tètè ń jí ni."

"Ó dáa. Brain box ló ń sọ fún injector ìgbà tó máa tú epo. Tí brain box bá ti kú, ta ló ń pàṣẹ epo náà?"

Ríwáyà kò fèsì. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kí gbogbo ọlọ́kọ̀ há sórí. Ọkọ̀ oní-injector tó ń jí, tó ń rìn, brain box rẹ̀ kò tíì kú. Ó lè máa ṣàìsàn, ṣùgbọ́n òkú kọ́.

Bàbá ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àpótí dúdú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ DIAGNOSTIC sí lórí. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó fi wáyà tín-ín-rín kan so ihò TE1 pọ̀ mọ́ ihò E1, ó ní kí dẹ́rẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́ kí iná tàn, kó má ṣe sítáàtì. Ni iná Check Engine bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó sinmi díẹ̀, ó tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Méjì àti méjì: 22 nìyẹn. Iná yẹn ni ẹnu àwọn Toyota ìgbà náà. Ká ní kò sí àléébù kankan tó kọ sílẹ̀ ni, ńṣe ni ì bá máa ṣẹ́jú lọ geerege láìsinmi. (Ẹni tí kò bá mọ lẹ́tà kà dáadáa kó má dán an wò o. Ihò +B tí iná bátìrì wà nínú rẹ̀ wà nínú àpótí kan náà. Ẹni tó bá fi wáyà so ìyẹn mọ́ E1, fíùsì ló máa kọ́kọ́ jó.)

Nínú ìwé Toyota, 31 ni ti ẹ̀rọ tó ń wọn atẹ́gùn, 41 ni ti throttle, 22 sì ni ti sensor tó ń sọ bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Tí ìròyìn sensor yẹn bá já, brain box á kàn gbà pé omi ti gbóná, á sì máa fún ẹ́ńjìnnì ní epo tó tó ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó sùn mọ́jú ń fẹ́ epo ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè jí. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jí láàárọ̀. Bàbá tẹ̀lé wáyà sensor náà lọ. Ìpata aláwọ̀ ewé ti jẹ orí rẹ̀, wáyà kan sì ti já kúrò nínú rẹ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó so ó, ó yọ fíùsì EFI fún ìgbà díẹ̀ kí brain box lè gbàgbé ẹjọ́ àná, ó dá a padà. Iná kú. Sensor pàápàá, wọn ò rà á.

Ẹ má tìtorí èyí rò pé ẹnu oníhò 16 ti parí ẹjọ́ o. Mitsubishi Pajero kan wà ní àárín ọdún 1990 sí 2000 tó ní ẹnu oníhò 16, síbẹ̀ èdè Mitsubishi nìkan ló gbọ́. Land Rover Discovery tó ń lo ẹ́ńjìnnì Td5, tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2004, ẹnu tirẹ̀ pé ihò 16 kànnìkànnì, ṣùgbọ́n skánà tí wọ́n ń gbé kiri á dé ibẹ̀, á ya odi. Skánà tó gbọ́ èdè Land Rover ló ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ jíìpù tó ti Yúróòpù gba Kútọnù wọlé, tó bá ti jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tó ṣáájú 2004, irú èyí lè bá a. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ọdún tó wọ Kútọnù. Ti Land Cruiser àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 1HZ tiẹ̀ tún yàtọ̀: irin lásán ni pọ́ǹpù rẹ̀ fi ń pín epo. Ẹni tó bá ní brain box ló ń dá epo rẹ̀ dúró, ẹ ní kó wá fi brain box náà hàn yín.

Àwọn tó bá òfin mu náà kò fohùn ṣọ̀kan. Èdè márùn-ún ni OBD-II gbà láyè. Àwọn àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé ihò keje ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀. Àwọn tuntun ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní CAN, ihò kẹfà àti ìkẹrìnlá, ó sì di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun l'Amẹ́ríkà láti mọ́dẹ̀lì 2008. Skánà kékeré olówó pọ́ọ́kú wà, èyí tí wọ́n ń kọ ELM327 sí lára, tí wọ́n ń so pọ̀ mọ́ fóònù. Ayédèrú rẹ̀ kún ọjà, àwọn kan nínú wọn kò sì gbọ́ èdè àtijọ́. Á bá Corolla 2010 sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé, á dé ọ̀dọ̀ 4Runner 1998, kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà mìíràn, skánà tó ń gba iná lára ọkọ̀ kò ní tàn rárá. Kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ brain box níbẹ̀, kó wo fíùsì ná. Láti ihò 16 ni skánà ti ń gba iná bátìrì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fíùsì ibi tí wọ́n ń ti tan sìgá ló jọ ń lò ó. Ẹni tó bá ń ki nǹkan bọ ibẹ̀ láti fi ṣaájì fóònù lè ti jó o láìmọ̀.

Tí skánà bá tilẹ̀ dáhùn, tó ní kò sí àléébù, ìyẹn náà ní ibi tó mọ. Nítorí èéfín ni òfin ṣe jáde, ẹ́ńjìnnì ló kàn jù. Púpọ̀ nínú skánà olówó pọ́ọ́kú kì í wo four-wheel, kì í wo bíréèkì ABS, kì í wo airbag. Iná four-wheel lè máa ṣẹ́jú níwájú yín kí skánà sì máa sọ pé àlàáfíà ni.

Àwọn oníṣẹ́ kan mọ gbogbo èyí, wọ́n kàn ń fi òkú brain box jẹun ni. Ríwáyà Màmá oníṣu kì í ṣe irú wọn. Ẹ̀rọ tuntun ló gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n owó tó bá ti jáde lápò, ìkan náà ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ki skánà náà bọ ọkọ̀ mìíràn tí irú ẹ̀ àti ọdún ẹ̀ bá tiyín mu. Tí ọkọ̀ yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ wo nọ́ńbà 17 ara ṣáàsì, ẹ ka èyí tó wà ní ipò kẹwàá láti apá òsì: N ni 1992, P ni 1993, S ni 1995, T ni 1996. Ẹ sì tún wo bébà tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóyá wọ́n kọ OBD II síbẹ̀.

Ríwáyà dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó ní kí wọ́n dákun. Màmá ní, "Dìde, ọmọ mi, kò burú. Ṣùgbọ́n lọ kọ́ iná kíkà lọ́dọ̀ Bàbá." Ọjọ́ yẹn náà ló wá báírò, ó ń kọ nọ́ńbà àti ìtumọ̀ wọn sẹ́yìn páálí skánà bí Bàbá ṣe ń pè é fún un: 22, omi, 31, atẹ́gùn, 41, throttle.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, jíìpù jí bí dẹ́rẹ́bà ṣe yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Owó àjọ wà ní ìdí Màmá, wọ́n kọrí sí Ìgbòho.